Abẹ́rẹ́ Kejì: Bí Ceftriaxone Ṣe Fọ́ Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ SS Kan

Ọmọbìnrin ọdún 8 ni, kílò 21 ni ìwọ̀n rẹ̀, SS sì ni jẹ́nótáìpù rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá dá, PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, máa ń wà láàárín 22 sí 24, iye tí kì í ba ẹni tó mọ àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lẹ́rù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ibà àti ikọ́ ti bá a fínra fún ọjọ́ mẹ́ta. Ara rẹ̀ gbóná dé 39.1°C, ọ́síjìn ara rẹ̀ jẹ́ 94%, ìró pàràpàrà sì ń jáde láti ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóóró ọ̀tún. PCV rẹ̀ jẹ́ 22. Àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn kò rí nǹkan kan.

Òtútù àyà ni dókítà pè é, kò sì ṣì í pè. Ó kọ ceftriaxone fún un, abẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Rocephin láìka ilé iṣẹ́ yòówù tó ṣe é sí: mílígíráàmù 1,500, ìyẹn bí i 71 fún kílò kọ̀ọ̀kan, nínú soluset, ike tí a fi ń díwọ̀n omi dírípù ọmọdé, kí ó wọlé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìpinnu yìí náà kò ní àbùkù. Ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì, tó máa ń sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ti bàjẹ́ tipẹ́ lára ọ̀pọ̀ ọmọ SS, ìdí nìyẹn tí pneumococcus, kòkòrò tó sábà máa ń fa òtútù àyà, fi lè pa wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá ní kí a fi oògùn apakòkòrò falẹ̀ fún ọmọ SS tí ara rẹ̀ ń gbóná kò tíì rí irú ikú bẹ́ẹ̀ rí.

Ìbéèrè kan péré ni ẹnikẹ́ni kò bi ìyá: ìgbà mélòó ni ọmọ yìí ti gba abẹ́rẹ́ yìí rí, kí ló sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Nínú fáìlì, wọ́n kọ ọ́ pé kò sí oògùn tó lòdì sí ara rẹ̀. Ìyá kò parọ́. Ara ọmọ kò yún un rí, ojú rẹ̀ kò wú rí, ohun tí ìyá sì mọ̀ sí kí oògùn lòdì sí ara nìyẹn.

Alẹ́ àkọ́kọ́

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní aago 7:10 alẹ́. Kó tó di aago 9, ọmọ ti ń ké ẹ̀yìn àti ikùn. Ọmọ SS tó ń ké ẹ̀yìn kì í ṣe nǹkan tuntun ní wọ́ọ̀dù, nítorí náà kíráísìsì ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ diclofenac, oògùn ìrora. Ẹ jẹ́ kí diclofenac yẹn wà lọ́kàn yín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Ní ọ̀gànjọ́ òru, ìyá gbé póò lọ bá nọ́ọ̀sì. "Ẹ jọ̀wọ́, ma, ẹ bá mi wo ìtọ̀ ọmọ yìí. Ó dà bí omi zobo." Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn pé, "Mọ́mì, omi ara rẹ̀ ló ti gbẹ," ó sì mú dírípù yára sí i. Wọn kò ti páálí àyẹ̀wò bọ inú ìtọ̀ náà. Páálí tín-ínrín yẹn kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ó bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ dé ìwọ̀n 3+, tí ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá kò sì rí sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ìtọ̀ kan náà, a jẹ́ pé àwọ̀ pupa inú sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣàn lọ ní ìhòòhò. Inú òpó ẹ̀jẹ̀ gan-an ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń bẹ́. Kíráísìsì ìrora lásán kì í sọ ìtọ̀ di zobo, bẹ́ẹ̀ ni òùngbẹ kì í ṣe é. Ìtọ̀ ẹni tí omi gbẹ lára rẹ̀ máa ń ki, ó máa ń dà bí tíì, kì í pọ́n bí ìṣápá.

Ní òwúrọ̀, PCV ti já sí 16, ẹyinjú rẹ̀ sì ti pọ́n rúsúrúsú ju ti àná lọ. Ìrònú àwọn dókítà kò ta ko ìwé tí wọ́n kà: òtútù àyà ọmọ SS lè di ewu ńlá, PCV sì lè já nínú rẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, mílílítà 210 sẹ́ẹ̀lì pupa tí wọ́n ti yọ omi rẹ̀ kúrò, ìyẹn 10 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó parí ní aago 3:30. Ara ọmọ kò gbóná sí i, kò gbọ̀n. Ní aago 5, PCV ti gòkè dé 21, ọmọ sì mu ògì díẹ̀. Gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀.

Ìṣẹ́jú 15

Ní aago 7:05 alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n tún so ceftriaxone kọ́. Kò tíì tó ìdajì tí ọmọ fi dìde jókòó lójijì, tó figbe ta: "Ẹ̀yìn mi o! Mọ́mì, ikùn mi!" Ó bì. Ètè rẹ̀ di eérú. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní 168 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 76/40, ọ́síjìn rẹ̀ bọ́ sí 86%. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pa ohun gbogbo tó ń wọlé, ó sì fún un ní adrenaline mílígíráàmù 0.2 sínú ẹran itan, nítorí pé bí ara bá kọ oògùn lójijì, adrenaline ni àkọ́ṣe. Ìfúnpá gòkè díẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ọmọ kò lé, ètè rẹ̀ kò wú, àyà rẹ̀ kò súfèé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yìí kò bá ti ara tó kọ oògùn bí a ṣe mọ̀ ọ́n mu.

Láàbù ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tín-ínrín tí wọ́n fi ń wọn PCV, wọ́n fi ẹ̀rọ yí i. Sẹ́ẹ̀lì tó sọ̀kalẹ̀ jẹ́ 8 péré. Ẹni tó ń kà á kò dúró lórí nọ́ńbà náà. Ó wo omi tó wà lókè sẹ́ẹ̀lì, èyí tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè bí òróró ẹ̀gúsí, ó sì rí i pé ó pọ́n bí wáìnì. Ó tún fa òmíràn kí wọ́n má baà sọ pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ ló fọ́ sẹ́ẹ̀lì. Bákan náà ni. Ó gbé fóònù, ó pe wọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ láàbù ló ń kọ nọ́ńbà PCV ránṣẹ́ tí wọn kì í sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ omi tó wà lókè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà míì àwọ̀ yẹn níye lórí ju nọ́ńbà náà lọ.

Àwọn tí wọ́n fura sí

Ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbà ní ọ̀sán ni gbogbo ojú kọ́kọ́ yí sí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá báàgì padà, wọ́n wo orúkọ, nọ́ńbà àti ẹgbẹ́ ẹ̀jẹ̀: O+ ni ọmọ, O+ ni ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n tún un dàpọ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti àárọ̀ àti ti alẹ́, kò sí ìjà. Àwọn kan dárúkọ hyperhaemolysis, ìyẹn ìgbà tí ọmọ SS bá gba ẹ̀jẹ̀ tán tí ara rẹ̀ fọ́ èyí tó gbà mọ́ tirẹ̀, tí PCV fi wá sí ìsàlẹ̀ ju ti ìgbà tí kò tíì gbà á. Nọ́ńbà 8 jọ ọ́ lóòótọ́.

Ẹlòmíràn ní àìtó G6PD ni, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa kó má baà tètè fọ́. Kì í ṣe àròsọ asán, nítorí àìtó G6PD wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn Yorùbá, pàápàá àwọn ọkùnrin, kánfọ̀ tí a fi sáàárín aṣọ nìkan sì ti rán àwọn ọmọ kan dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló sábà máa ń gba G6PD kó tó fojú hàn lẹ́yìn tí ọmọ bá kan ohun tó fà á. Kì í ṣe ìṣẹ́jú 15. Ceftriaxone kò sì sí lára àwọn oògùn tó máa ń dá a sílẹ̀. Àìsàn ẹ̀fọn tó ń sọ ìtọ̀ di dúdú náà wọ inú ọ̀rọ̀, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ lórí gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, kò sí kòkòrò rẹ̀. Artesunate, oògùn ibà ẹ̀fọn, máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan lọ́sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn ìtọ́jú, ọmọ yìí kò sì gba artesunate láti bí oṣù mẹ́rin.

Nọ́ọ̀sì alẹ́ ló tú u. Ó mú bébà kan, ó fa ìlà gígùn sí i, ó sì to wákàtí lé e lórí. Lókè ìlà ó kọ oògùn àti ẹ̀jẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ó kọ PCV, ìrora àti ìtọ̀. Ohun méjì jáde kedere. Ìgbà méjèèjì tí ọmọ ké ẹ̀yìn ló jẹ́ lẹ́yìn ceftriaxone, ti àkọ́kọ́ láàárín wákàtí méjì, ti ìkejì láàárín ìṣẹ́jú 15. Èkejì ló wúwo jù: PCV ti kúrò ní 22 bọ́ sí 16, ìtọ̀ sì ti di zobo, kí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kankan tó kan ọmọ náà. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì wọlé kò lè jẹ̀bi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán.

Nígbà náà ni wọ́n tó padà bi ìyá léèrè dáadáa. Wọn kò tún béèrè bóyá oògùn kan lòdì sí ara ọmọ. Wọ́n mú ìgò ceftriaxone tó ṣófo hàn án. "Hà, èyí? Ó ti gbà á dáadáa." Ìgbà mẹ́ta ní ilé ìwòsàn láàárín ọdún méjì, ìgbà méjì lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì àdúgbò. Lẹ́yìn èyí tó gbà gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ẹ̀yìn dùn ún, ó sì tọ̀ pupa fún ọjọ́ kan. Wọ́n rò pé kíráísìsì ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀

Ara lè ṣe áńtíbọ́dì, àwọn ọmọ ogun ara, tó dojú kọ oògùn apakòkòrò, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ́ ẹ̀jẹ̀ kò dọ́gba. Penicillin máa ń lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì pupa pinpin. Bí ènìyàn bá ń gba púpọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, áńtíbọ́dì á bá a níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ lóde òpó ẹ̀jẹ̀. Ceftriaxone kì í lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun, áńtíbọ́dì àti awọ sẹ́ẹ̀lì máa ń pàdé fún ìgbà díẹ̀ ni, ìpàdé kúkúrú yẹn a sì pe complement, àwọn èròjà inú omi ẹ̀jẹ̀ tó máa ń lu awọ sẹ́ẹ̀lì ní ihò. Sẹ́ẹ̀lì á bẹ́ lójú ẹsẹ̀, nínú òpó ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yá tó bẹ́ẹ̀, tó sì fi pa kíndìnrín lára. Bí oògùn kò bá sí níbẹ̀ tó, áńtíbọ́dì yìí kò ṣe nǹkan kan, ìdí sì nìyẹn tí ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀ láàbù fi lè dára lójú.

Ní ọdún 1991 ni George Garratty àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn ẹni tí ceftriaxone fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí tó fi kú jáde. Ní 1995, ìròyìn ikú ọmọ SS kan tẹ̀ lé e. Ó ṣọ̀wọ́n, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ sá fún ceftriaxone. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni ó ń yá jù lára, àwọn tó sì ti gba oògùn náà lọ́pọ̀ ìgbà ló sábà máa ń bá. Ta ló ń gba ceftriaxone lọ́pọ̀ ìgbà ju ọmọ SS lọ?

Ìtọ́jú

Àkọ́kọ́, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára fáìlì àti sórí bẹ́ẹ̀dì: kò gbọdọ̀ gba ceftriaxone mọ́, kò gbọdọ̀ gba èyíkéyìí nínú cephalosporin, ẹbí oògùn tí ceftriaxone ti wá. Cefotaxime àti cefuroxime fi ìrísí jọ ọ́ débi pé áńtíbọ́dì kan náà lè dá wọn mọ̀. Àṣìṣe tó rọrùn jù ni kí dókítà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì "pààrọ̀" ceftriaxone sí cefuroxime, kó sì rò pé òun ti ṣe nǹkan.

Òtútù àyà ṣì wà níbẹ̀. Gentamicin kò ṣeé lò nítorí kíndìnrín. Chloramphenicol lè pa ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣẹ̀ lára, ìyẹn mùdùnmúdùn egungun, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tán kọ́ ni a ó fi dán an wò. Clindamycin mílígíráàmù 280 ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ pẹ̀lú azithromycin ni wọ́n yàn, torí méjèèjì kò fi kíndìnrín ṣe ọ̀nà àbájáde pàtàkì.

Àríyànjiyàn gidi wáyé lórí ẹ̀jẹ̀. Ẹnìkan ní kí wọ́n má fún un, pé ẹ̀jẹ̀ tuntun náà yóò fọ́. Òótọ́ ni pé ó lè fọ́: áńtíbọ́dì yìí kò mọ sẹ́ẹ̀lì ọmọ yàtọ̀ sí ti ẹlẹ́jẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí oògùn bá ṣì wà nínú ara. Ṣùgbọ́n PCV 8 pẹ̀lú ọkàn tó ń sáré ní 168 kò ṣeé dúró dè. Wọ́n fún un ní mílílítà 105, wọ́n wò ó, wọ́n tún fún un ní 105 míì. PCV dé 14. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ó já sí 11. Wọ́n tún fún un ní 210, ó dúró sí 17, kò sì já mọ́. Bí oògùn ṣe ń kúrò nínú ara ni ó ń rí bẹ́ẹ̀: láàárín wákàtí 5 sí 9 ni ìdajì ceftriaxone fi ń jáde, ó sì ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí kíndìnrín kò bá dá. Ẹni tó bá rí i pé PCV tún já lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́, kó má sọ̀rètí nù, kó má sì rò pé òun ti ṣi àìsàn náà mọ̀.

Hydrocortisone, oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìjà àwọn ọmọ ogun ara, wọlé pẹ̀lú. Ẹ̀rí pé ó ran irú ẹ̀jẹ̀ fífọ́ yìí lọ́wọ́ kò lágbára, ó sì lè dá ìrora kíráísìsì padà lára ọmọ SS bí wọ́n bá dá a dúró. Fífún un nìṣó fún ọjọ́ mẹ́ta kò pa á lára, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n dá dúró ló gba ọmọ náà là, kì í ṣe èyí.

Kíndìnrín ló fa wàhálà gùn jù. Fún ọjọ́ méjì, ìtọ̀ kò ju mílílítà 6 sí 7 lọ ní wákàtí kan, creatinine, ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kíndìnrín kó dànù, gòkè dé 1.9, potassium, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ kan tí kíndìnrín ń dín kù, dé 5.8. Àwọ̀ pupa inú sẹ́ẹ̀lì ti dí i, diclofenac alẹ́ àkọ́kọ́ sì ti dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kù. Wọ́n pa diclofenac tì, wọ́n fi paracetamol àti morphine díẹ̀díẹ̀ rọ́pò rẹ̀, wọ́n ń wọn omi tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ní wákàtí-wákàtí. Ní ọjọ́ kẹrin, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́. Wọn kò fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rí láti láàbù

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní aago 7:40 alẹ́ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó fún un ní òmíràn, ló wúlò jù. Àyẹ̀wò Coombs rẹ̀, èyí tó ń wá áńtíbọ́dì tàbí complement lára sẹ́ẹ̀lì pupa, jẹ́ 3+. Ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, wọ́n yà á sọ́tọ̀: complement 3+, IgG, ìyẹn irú áńtíbọ́dì kan, 1+. Èyí nìkan kò tó, torí ọmọ SS tó ti gba ẹ̀jẹ̀ rí lè ní Coombs tó yọjú nítorí nǹkan mìíràn. Wọ́n wá po ceftriaxone mílígíráàmù kan sínú mílílítà omi iyọ̀ kan, wọ́n fi omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ àti sẹ́ẹ̀lì O sí i, wọ́n fi omi ẹ̀jẹ̀ tútù ẹni tí ara rẹ̀ dá sí i kí complement lè wà níbẹ̀, wọ́n gbé e sí ooru 37°C. Túùbù kejì gba omi iyọ̀ lásán dípò oògùn. Èyí tó ní oògùn dì, ó sì fọ́. Èyí tó ní omi iyọ̀ dákẹ́ lọ́lọ́. Túùbù kẹta, tí omi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú oògùn, náà dákẹ́. Láìsí túùbù kẹta yẹn, ẹlòmíràn lè sọ pé oògùn fúnra rẹ̀ ló fọ́ sẹ́ẹ̀lì.

Ibi tí kò bá sí irú àyẹ̀wò yìí, bébà tí nọ́ọ̀sì fa ìlà sí tó láti dá oògùn dúró. A kì í dúró de èsì láàbù kí a tó pa abẹ́rẹ́. Bákan náà ni fọ́ọ̀mù ìyeyè NAFDAC tí a fi ń ròyìn ìpalára oògùn: ìfura tó, kò béèrè ìdánilójú. Dókítà ilé ìwòsàn náà kọ ọ́ ní ọjọ́ karùn-ún, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára ìgò àti wákàtí abẹ́rẹ́ méjèèjì.

Fún ọmọ SS tó bá fẹ́ gba ceftriaxone, ẹ mú ìgò rẹ̀ han ìyá kí ẹ tó pò ó, kí ẹ sì béèrè nípa ẹ̀yìn dídùn àti ìtọ̀ pupa lẹ́yìn èyí tó gbà kọjá, títí kan ti oníkẹ́míìsì. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ní gbogbo ìgbà tó bá ń gbà á, nítorí abẹ́rẹ́ kejì àti ìkẹta léwu ju àkọ́kọ́ lọ. PCV tó bá já ju 3 lọ láàárín òru, ẹ béèrè àwọ̀ omi tó wà lókè rẹ̀ kí ẹ tó béèrè fún ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ náà lọ sílé ní ọjọ́ kejìlá pẹ̀lú PCV 23 àti creatinine tó ti padà sí ipò rẹ̀. Wọ́n kọ káàdì kan fún ìyá, wọ́n fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́: orúkọ ceftriaxone, àwọn orúkọ tí wọ́n fi ń tà á lọ́jà, àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ mẹ́rin tó wọ́pọ̀ jù, àti gbólóhùn kan pé ó fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí, kì í ṣe pé ara rẹ̀ yún. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ibà tún dé ní ìlú mìíràn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì ti fọ́ ìgò, ó ti fa omi sí i, kí ìyá tó yọ káàdì náà nínú àpò.